Ibi Tí Ẹ̀jẹ̀ Ń Gbà Lọ: Bí A Ṣe Ń Kọ́ni ní Ìwà Tó Yẹ àti Òfin Ìwádìí Jíìnì ní Dougouba

Ìwádìí ti wọ ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire ṣáájú olùkọ́ èyíkéyìí tó bá ń bọ̀ wá kọ́ni níbẹ̀. Institut Pierre Richet, ibùdó tó ń ṣèwádìí ẹ̀fọn àti àwọn kòkòrò mìíràn tó ń kó àrùn ranni, wà nínú ìlú náà. Ilé ìwòsàn ńlá CHU wà níbẹ̀, Yunifásítì Alassane Ouattara náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá pe àwọn ará Dougouba, àdúgbò kan ní Bouaké, jọ láti kọ́ wọn ní òfin àti ìwà tó yẹ nínú ìwádìí jíìnì kò gbọdọ̀ rò pé abẹ́rẹ́ àti ìgò ẹ̀jẹ̀ ṣàjèjì sí wọn. Ohun tó ṣàjèjì ni ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ lẹ́yìn tó bá ti kúrò lápá.

Orí yìí wà fún olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ògbufọ̀ àti àgbà àdúgbò, ìyẹn àwọn tó máa ń dúró láàárín oníwàádìí àti ẹni tó na apá fún abẹ́rẹ́. Baoulé ló ni ilẹ̀ Bouaké, Dioula ni èdè ọjà, Faransé ni èdè ìwé. Àwọn Sénoufo àti Mossi wà níbẹ̀, àwọn Anango náà wà níbẹ̀, Yorùbá tí ọ̀pọ̀ wọn ní Côte d'Ivoire tan mọ́ Ẹjìgbò. Ẹ̀kọ́ tí a bá kọ́ ní èdè kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí.

Ohun èlò

Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀wà funfun àti ẹ̀wà pupa, ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwọ̀nba hóró àgbàdo. Àwo kékeré méjì. Ìgò kékeré kan tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀, tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò lò rí, tí a lẹ bébà mọ́ lára. Abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ bá a wọ yàrá ẹ̀kọ́. Àwòrán ilẹ̀ ayé tó tóbi tó kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn rí i. Ìwé ìyọ̀ǹda ìwádìí kan ní èdè Faransé, tí a ti pa orúkọ àwọn tó kọ ọ́ rẹ́, ẹ̀dà kan fún ènìyàn méjì-méjì. Àpótí bébà tó ní ìdérí àti ihò lórí, fún ìbéèrè tí ẹnu kò lè sọ. Ẹ̀dà òfin 2013-450 ti Côte d'Ivoire lórí ọ̀rọ̀ ara ẹni. Àdírẹ́sì ibi tí ẹni tó bá fẹ́ mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ ti lè ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n sì gbà á nímọ̀ràn.

Ògbufọ̀ Dioula ló wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ni a kò lè fi nǹkan mìíràn rọ́pò. Kí a sanwó fún un. Kó má jẹ́ ìbátan ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́, kó má sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù. Kí olùkọ́ bá a jókòó ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí wọ́n jọ fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa sọ jíìnì, ìyọ̀ǹda, àṣírí àti "ẹ̀tọ́ láti jáwọ́". Bí wọ́n bá fi èyí sílẹ̀ di ojú agbo, ògbufọ̀ á máa sọ tirẹ̀, olùkọ́ á máa sọ tirẹ̀.

Àṣẹ lákọ̀ọ́kọ́

Olùkọ́ á kọ́kọ́ lọ kí olórí àdúgbò. Á ṣàlàyé pé ẹ̀kọ́ ni òun wá kọ́, kì í ṣe ìwádìí: ẹnikẹ́ni kò ní gba ẹ̀jẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní gba itọ́, a kò sì ní kọ nǹkan kan sílẹ̀ nípa ìdílé ẹnikẹ́ni. Ìlérí yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ délẹ̀délẹ̀. Olùkọ́ tó bá ní in lọ́kàn láti fi ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ kọ àpilẹ̀kọ ti di oníwàádìí nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ètò rẹ̀ lọ síwájú Comité National d'Éthique des Sciences de la Vie et de la Santé, ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí ìlera wò ní Côte d'Ivoire, kó tó pe kíláàsì. Kò sí pé a óò ṣe é tán ká tó wá tọrọ àṣẹ.

Ẹ̀wà nínú àwo méjì

Ìmọ̀ jíìnì tí kíláàsì yìí nílò kò ju èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n mọ ìdí tí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan fi jẹ́ ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí àdúgbò tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀wà funfun dúró fún A, pupa dúró fún S. Olùkọ́ á fi funfun kan àti pupa kan sínú àwo baba, á ṣe bẹ́ẹ̀ sínú àwo ìyá: AS méjì ti fẹ́ra nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á di ojú, á mú hóró kan láti inú àwo kọ̀ọ̀kan, á fi hàn, á dá a padà, á tún mú. Dídá a padà yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ti bọ́, nítorí wọ́n ti gbọ́ "ọ̀kan nínú mẹ́rin". Oyún kọ̀ọ̀kan ni ọ̀kan nínú mẹ́rin náà ń bá, ìyá àti baba kò sì ní ìrántí ohun tí wọ́n mú nígbà tó kọjá. Lẹ́yìn èyí kí olùkọ́ gbé àgbàdo wọlé fún C. Olùkọ́ tó bá ti Nàìjíríà wá sábà máa ń fo èyí, nítorí AA, AS àti SS ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n C wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ènìyàn Burkina Faso àti apá àríwá Ghana, ọ̀pọ̀ ará Bouaké sì tan mọ́ ìhà ibẹ̀. Ẹni tó jẹ́ SC náà ń ṣàìsàn.

Ibí yìí gan-an ni ewu tó tóbi jù nínú gbogbo orí yìí wà. Bí ẹ̀wà bá ti yé kíláàsì, ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò ilé rẹ̀. Ó mọ̀ pé AA ni bàbá òun, ó mọ̀ pé AS ni ìyá òun, ó sì ní àbúrò tó jẹ́ SS. Ó lè fọhùn, ó lè dákẹ́. Bó bá dákẹ́ ló burú jù. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti múra sílẹ̀ de ìgbà náà. Kó sọ ọ́ fún gbogbo kíláàsì, láìdúró de ìbéèrè, pé ìṣirò ẹ̀wà kì í ṣe ẹ̀rí nípa ẹni tó bí ọmọ. Àyẹ̀wò lè ṣì. Wọ́n lè pààrọ̀ ìgò. Wọ́n lè ti fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí ẹni náà lára láìpẹ́ ọjọ́ àyẹ̀wò. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní tálásẹ́míà, tó lè jẹ́ kí òbí tó ń gbé e kiri hàn bí AA, kí ọmọ tó jogún rẹ̀ pẹ̀lú S sì hàn bí SS nínú àyẹ̀wò lásán. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ rí láìsí panṣágà kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, òfin mẹ́ta wà fún kíláàsì, kí a kọ wọ́n sójú pátákó kí ẹ̀wà tó jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè jẹ́nótáìpù ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ tirẹ̀, a kò gbọdọ̀ ya ìdílé tòótọ́ sójú pátákó, ìbáà jẹ́ ti olùkọ́ fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tó ń fi ìdílé tirẹ̀ ṣàpẹẹrẹ rò pé òun ń fún wọn ní ìgboyà. Ńṣe ló ń fi ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ̀ tó wà nílé ṣe ìpolówó.

Ìgò tó ń rìn

Olùkọ́ á gbé ìgò òfìfo náà lé ẹnì kan lọ́wọ́, kíláàsì á sì máa gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí ìtàn ṣe ń lọ: láti ibi tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀, dé CHU, dé Abidjan, dé pápákọ̀ òfuurufú, dé òkè òkun. Ẹni tó bá ń gbà á á dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ni ín báyìí? Ta ló lè sọ pé ó tó? Kí ni ẹni tó ni apá máa jẹ nínú rẹ̀?

Ìtàn tó yẹ kí ìgò náà kọ́kọ́ bá rìn ni ti Ìbàdàn. HapMap, ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2002 láti mọ bí jíìnì àwọn ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra, yan ènìyàn 270 láti ibi mẹ́rin káàkiri ayé. Àádọ́rùn-ún nínú wọn jẹ́ Yorùbá Ìbàdàn, ìdílé 30, baba, ìyá àti ọmọ kan nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan. Charles Rotimi wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Wọ́n bá àdúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ, wọn kò kọ àìsàn ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Iye ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà sì ju èyí tí wọ́n lò lọ, kí ẹni tó fún wọn pàápàá má lè mọ̀ bóyá tirẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n tún pàṣẹ pé kí àwọn oníwàádìí máa kọ "Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà", kí ẹnikẹ́ni má fi ènìyàn 90 láti ìlú kan dípò gbogbo Yorùbá, ká má tilẹ̀ sọ gbogbo Áfíríkà. Àwọn ẹ̀yà ara tín-ín-tín tí wọ́n mú jáde nínú ẹ̀jẹ̀ náà wà nípamọ́ ní Coriell Institute ní New Jersey, oníwàádìí káàkiri ayé sì ń béèrè fún wọn títí dòní. Ní ọdún 2008, nígbà tí ilé iṣẹ́ Illumina fẹ́ ka gbogbo jíìnì ọkùnrin Áfíríkà kan láti òkè délẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ará Ìbàdàn yìí ni wọ́n lò.

Kí olùkọ́ fara balẹ̀ níbí. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe dáradára ni, ó sàn ju ọ̀pọ̀ lọ, síbẹ̀ ẹni tó ni apá kò lè tọ́ka sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà lónìí. Kíláàsì á jiyàn. Kí wọ́n jiyàn.

Ìtàn kejì tako èyí. Láti ọdún 1990 ni àwọn oníwàádìí Arizona State University ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀jẹ̀ àwọn Havasupai, àwọn onílẹ̀ àtijọ́ tó ń gbé nísàlẹ̀ àfonífojì ńlá ní Amẹ́ríkà. Àìsàn àtọ̀gbẹ ló mú wọn yọ̀ǹda. Nígbà tó yá ni wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ náà wádìí àrùn ọpọlọ, wọ́n fi wádìí ìgbéyàwó ìbátan, wọ́n sì fi wádìí ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá, èyí tó tako ìtàn tí wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n pẹjọ́. Ní ọdún 2010 yunifásítì náà san 700,000 dọ́là, ó sì dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ìbéèrè tó yẹ kí olùkọ́ bi kíláàsì ni pé: kí ni ì bá wà nínú ìwé ìyọ̀ǹda tí ìjà yìí kò bá fi wáyé?

Èyí tó kàn Côte d'Ivoire gan-an ni TrypanoGEN, ètò tí orílẹ̀-èdè náà kópa nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn bíi Uganda, Guinea àti Cameroon, láti mọ ìdí tí àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń kó ranni fi ń mú àwọn kan tí kì í mú àwọn mìíràn. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní APOL1 wà lára ohun tí wọ́n yẹ̀ wò. Irú APOL1 méjì kan wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó fi mọ́ àwọn Yorùbá, ó sì dà bí ẹni pé ohun tó ń bá kòkòrò àrùn oorun jà ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2010 ni ayé ti mọ̀ pé ẹni tó bá jogún irú jíìnì yìí lọ́dọ̀ baba àti lọ́dọ̀ ìyá wà nínú ewu àìsàn kíndìnrín ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ nítorí àrùn oorun ti fún wọn ní ọ̀rọ̀ kíndìnrín rẹ̀ láìmọ̀. Ṣé kí wọ́n padà wá sọ fún un? Bí wọ́n bá sọ, ta ló máa tọ́jú rẹ̀, ta ló máa sanwó? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní jíìnì náà kì í ní àìsàn kíndìnrín rárá. Ìbẹ̀rù nìkan ni wọ́n á gbé lọ sílé. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ fún kíláàsì ní ìdáhùn. Ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́ wọn létí ni pé ìwé ìyọ̀ǹda ló yẹ kó ti sọ ọ́ ṣáájú, yálà wọ́n á sọ tàbí wọn kò ní sọ, kí ẹni tó ni apá sì yan èyí tó fẹ́.

Ìwé ìyọ̀ǹda lẹ́nu ara wọn

Ó kan eré. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á di oníwàádìí, òmíràn á di ìyá oníṣòwò tó wá láti ọjà, ògbufọ̀ á jókòó láàárín. Oníwàádìí kò gbọdọ̀ ka ìwé náà láti òkè délẹ̀, á sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan á sì ní: "Ẹ jọ̀wọ́ Màámi, ẹ bá mi sọ ọ́ bó ṣe yé yín, kí n lè mọ̀ bóyá mo ṣàlàyé dáadáa." Kò gbọdọ̀ béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" Ìyá tó mọ ẹ̀tọ́ kò ní sọ fún ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún un pé kò yé òun. Á ní ó yé òun, á tẹ̀ka, á lọ.

Ohun mẹ́rin ni ìyá náà gbọ́dọ̀ lè sọ padà lẹ́nu ara rẹ̀: pé ìwádìí ni, kì í ṣe ìtọ́jú, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ, pé òun lè kọ̀, òun sì lè jáwọ́ lọ́la láìpàdánù ìtọ́jú, ẹni tí òun máa pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ṣófo, kò sí ìyọ̀ǹda, bí ìka rẹ̀ tilẹ̀ ti wà lórí bébà.

Èyí àkọ́kọ́ ló máa ń ṣòro jù, Côte d'Ivoire sì mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n dán oògùn AZT wò ní Abidjan lára àwọn aláboyún tó ní kòkòrò HIV, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní oògùn òfìfo. Àríyànjiyàn ńlá dìde káàkiri ayé ní ọdún 1997, nítorí oògùn tó ṣiṣẹ́ ti wà fún àwọn obìnrin Amẹ́ríkà àti Faransé nígbà náà. Ní oṣù kejì ọdún 1998 ni wọ́n dáwọ́ oògùn òfìfo náà dúró, lẹ́yìn tí àbájáde irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ jáde ní Thailand. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ jíìnì, ṣùgbọ́n aláboyún tó rí dókítà níwájú rẹ̀ tó sì gbà pé ìtọ́jú ni òun wá gbà, òun kan náà ló ń jókòó níwájú oníwàádìí jíìnì.

Àṣẹ olórí àdúgbò kò sì rọ́pò ìyọ̀ǹda ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣílẹ̀kùn ni. Ọkọ náà kò lè na apá ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀.

Òfin: ti ibo?

Ìbéèrè tí olùkọ́ á kọ sójú pátákó nìyí, nítorí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa fi òfin Yúróòpù kọ́ àwọn ará Bouaké. Òfin 2013-450 ti ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2013 ló ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni ní Côte d'Ivoire. Ẹni tó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ jíìnì tàbí ọ̀rọ̀ ìlera fún ìwádìí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ṣáájú lọ́wọ́ ARTCI, àjọ tó ń mójú tó òfin náà. Bó bá fẹ́ gbé e jáde kúrò nílùú, àṣẹ mìíràn tún wà. Àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà tó yẹ kò rọ́pò èyí, èyí náà kò sì rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni, oníwàádìí á rìn ín méjèèjì.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kọjá sí Ìbàdàn, òfin Nàìjíríà á pàdé rẹ̀ níbẹ̀: òfin ìlera ti ọdún 2014 tó fún NHREC, ìgbìmọ̀ ìwà tó yẹ nínú ìwádìí ìlera, lágbára, àti òfin ọ̀rọ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 tó ka ọ̀rọ̀ jíìnì mọ́ èyí tó gbẹgẹ́ jù. Àdéhùn Malabo ti Ìṣọ̀kan Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ ara ẹni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Kí olùkọ́ má ka àwọn òfin wọ̀nyí bí orin. Kó fún wọn ní ọ̀ràn kan: ìgò kan láti Dougouba fẹ́ lọ sí Jámánì. Ìwé mélòó ló gbọ́dọ̀ bá a lọ, ọwọ́ ta ni ìkọ̀ọ̀kan ti máa wá?

Níbi tí ẹnì kan kò lè dá kọ̀

Kí olùkọ́ ya àkókò kékeré sọ́tọ̀ fún ẹ̀fọn. Ní Mbé, lápá àríwá Bouaké, Institut Pierre Richet ní àwọn ahéré ìdánwò tí àwọn ènìyàn ń sùn sí kí a lè mọ bí àwọ̀n olóògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Ẹni tó ń sùn níbẹ̀ lè sọ pé òun kò ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ẹ̀fọn tí wọ́n yí jíìnì rẹ̀ padà sílẹ̀ lábúlé, ta ló lè jáwọ́? Ní Burkina Faso, ètò Target Malaria tú akọ ẹ̀fọn tí kò lè bí sílẹ̀ ní abúlé Bana ní oṣù keje ọdún 2019, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìjíròrò pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ìjọba orílẹ̀-èdè náà dá iṣẹ́ wọn dúró. Abúlé ti gbà, ìjọba sì kọ̀. Kí kíláàsì sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ kó lékè.

Àṣìṣe tó máa ń ṣẹlẹ̀

Èyí tó burú jù ni kí olùkọ́ sọ pé "a ti yọ orúkọ kúrò, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ọ́n mọ́." Ní oṣù kìíní ọdún 2013, oníwàádìí Yaniv Erlich àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mú jíìnì tó wà ní gbangba, wọ́n fi wé àkọsílẹ̀ ìdílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dárúkọ àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50. Ará Utah ni wọ́n, inú ètò HapMap kan náà tí àwọn ará Ìbàdàn wà. Ọgbọ́n tí wọ́n lò dúró lórí orúkọ ìdílé tó ń ti ọwọ́ baba bọ́ sí ọwọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ìran, èyí tí kò pẹ́ lọ́dọ̀ Yorùbá. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí ìyẹn sùn. Ọkùnrin kan, ẹni ọdún 60, Anango, oníṣòwò, Dougouba: mélòó ni irú wọn? Ọ̀rọ̀ tó tọ́ ni pé "a óò sapá, ewu náà yóò kéré, kò ní tán."

Àṣìṣe kejì ni ẹ̀bùn. Owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán tó fún ẹni tó wá sí ẹ̀kọ́. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ yóò kọ́ àwọn tó fẹ́ lọ gba ìyọ̀ǹda pé rírà ni wọ́n ń rà á.

Ẹ̀kẹta: olùkọ́ tó ń dẹ́rù bà wọ́n. Bí gbogbo àpẹẹrẹ bá jẹ́ ti ìrẹ́jẹ, àwọn ènìyàn á padà sílé pẹ̀lú ìpinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní gba ẹ̀jẹ̀ àwọn mọ́, ìyá tí ọmọ rẹ̀ nílò àyẹ̀wò fòníkú-fọ̀ladìde yóò sì jókòó sílé.

Ìdánwò àti ìparí kíláàsì

Ìdánwò kan ṣoṣo ló yẹ: olùkọ́ á fún wọn ní ìwé ìyọ̀ǹda tí òun mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́. Ó yọ àdírẹ́sì ìgbìmọ̀ kúrò, ó kọ "fún ìwádìí èyíkéyìí lọ́jọ́ iwájú" láìṣàlàyé, ó ṣèlérí ìtọ́jú ọ̀fẹ́, kò sì sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi pẹ́ńsùlù pupa wá àbùkù, á sì tún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kọ. Ẹni tó bá rí mẹ́ta nínú mẹ́rin ti gbọ́ ẹ̀kọ́. Ẹni tí kò bá rí ìlérí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ yẹn, kí a má tíì jẹ́ kó lọ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí ọ̀sán kan ṣoṣo ló wà, kí olùkọ́ fo ẹ̀fọn, kó gé ìtàn Arizona kúrú. Eré ìyọ̀ǹda àti àpótí ìbéèrè kò ṣeé gé. Òun fúnra rẹ̀ ni kó ṣí àpótí náà, kó ka ìbéèrè sínú kó tó kà á síta, kó sì yọ èyí tó bá tọ́ka sí ilé ẹnì kan sọ́tọ̀. Lẹ́yìn kíláàsì, kó jó gbogbo bébà inú àpótí. Ìwé ìdánwò tí wọ́n ti sàmì pupa sí ni kí wọ́n mú lọ sí ibi iṣẹ́, kí wọ́n lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìyọ̀ǹda tòótọ́ tí oníwàádìí tó kàn bá gbé wá.